Kí ni ìtumọ̀ "ìbò", ta sì ni "àwa", nínú ìjọba àwa-ara-wa?

Ìbéèrè tí wọ́n bi mí kò gùn. Ẹni tó béèrè ní òun ń gbọ́ pé ìjọba àwa-ara-wa ni wọ́n ń ṣe ní Amẹ́ríkà, òun náà ni wọ́n ń ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní Swítsàlandì àti ní Íńdíà, síbẹ̀ kò sí méjì nínú wọn tó jọra. Níbì kan, ará ìlú ló ń dìbò yan olórí. Níbòmíràn, àwọn aṣòfin ló ń yàn án. Ibì kan sì wà tí ààrẹ kì í lò ju ọdún kan lọ. Ó wá béèrè pé: "Kí ni orúkọ yìí túmọ̀ sí gan-an? Ṣé ìdìbò ni ìjọba àwa-ara-wa, àbí nǹkan mìíràn ni?"

Inú ọ̀rọ̀ méjì tí à ń lò lójoojúmọ́ ni mo fẹ́ gbà dáhùn: "ìbò" àti "àwa".

Ẹ jẹ́ ká fi ìbò bẹ̀rẹ̀. Lónìí, bí ẹnìkan bá ní òun ń lọ dìbò, ìwé àti àpótí ló ń wá sí wa lọ́kàn. Ṣùgbọ́n ìbò ti wà nínú èdè wa kí àpótí tó dé. Nídìí Ifá, ìbò ni ohun tí wọ́n ń dì mọ́wọ́ kí wọ́n lè mọ̀ bóyá bẹ́ẹ̀ni ni tàbí bẹ́ẹ̀kọ́: owó ẹyọ lọ́wọ́ kan, egungun lọ́wọ́ kejì. Àwọn tó túmọ̀ Bíbélì sí Yorùbá náà lo ọ̀rọ̀ yìí bó ṣe yẹ. Nígbà tí àwọn àpọ́sítélì ń wá ẹni tí yóò rọ́pò Júdásì, wọ́n dìbò, ìbò sì mú Màtíásì. Kò sí ẹni tó jókòó ka iye ènìyàn tó fẹ́ ẹ níbẹ̀. Ìbò ló mú un, bí ìgbà tí gègé bá mú ènìyàn. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yìí la fi ń sọ pé ènìyàn mú ẹni tó wù ú, òun náà la sì fi ń sọ pé a fa ọ̀rọ̀ lé ohun tí kì í ṣojúsàájú lọ́wọ́.

Ẹlòmíràn lè rò pé èdè ló da méjèèjì pọ̀. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀, torí pé ní ìlú tí wọ́n ti kọ́kọ́ fún ìjọba yìí lórúkọ, ìbò bíi ti Màtíásì yìí gan-an ni wọ́n kà sí ojúlówó.

Áténì ni ìlú náà, ní ilẹ̀ àwọn Gíríìkì. Ní nǹkan bí ọdún 508 ṣáájú ìbí Kristi, Cleisthenes, olóṣèlú kan níbẹ̀, tún ìlú pín sí ẹ̀yà 10. Ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan ń fi ènìyàn 50 sílẹ̀, wọ́n sì di ìgbìmọ̀ 500 tó ń ṣètò ọ̀rọ̀ tí gbogbo ará ìlú yóò lọ jíròrò ní gbangba lórí òkè Pnyx. Gègé ló ń mú àwọn 500 yìí. Ọdún kan ni wọ́n ń lò, ẹnikẹ́ni kò sì lè ṣe é ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ ní gbogbo ayé rẹ̀. Èyí ló fà á tí ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ àti amọ̀kòkò fi jókòó nínú ìgbìmọ̀ yẹn rí. Àwọn ọ̀gágun 10 nìkan ni wọ́n ń nawọ́ sókè yàn, torí pé ogun kò mọ ọmọ ẹni tí gègé mú. Ipò yìí sì ni Pericles, olóṣèlú ńlá kan níbẹ̀, fi ń di ẹni iwájú ní ọdọọdún. Aristotle, amòye tó gbé Áténì, sọ ọ́ ní tààrà pé gègé ni ti ìjọba ará ìlú, àti pé yíyàn fúnra ẹni jẹ́ ti ìjọba àwọn díẹ̀. Ìdí rẹ̀ kò jìnnà. Nígbà tí a bá ń yàn, ẹni tó lówó, tó lórúkọ, tó mọ̀rọ̀ sọ ni ojú máa ń lọ sí. Gègé kò mọ ọmọ ta ni ọ́.

Ní ilé ẹjọ́ ni ọgbọ́n wọn ti dùn mọ́ mi jù. Lọ́dọọdún, wọ́n ń fi gègé mú ènìyàn 6,000 tí wọ́n lè pè láti dájọ́. Láàárọ̀ ọjọ́ ẹjọ́, ẹni tó bá fẹ́ jókòó yóò mú àwo idẹ pẹlẹbẹ rẹ̀ dání, èyí tí wọ́n fín orúkọ rẹ̀ sí. Òkúta ńlá kan wà lórí ìdúró tí wọ́n gbẹ́ ojú ihò tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ sí lára, ní ìlà-ìlà. Ojú ihò wọ̀nyí ni wọ́n ń ki àwo idẹ náà bọ̀. Ẹ̀gbẹ́ òkúta yìí ni ọ̀pá oníhò kan wà, tí wọ́n ń da bọ́ọ̀lù wẹẹrẹ funfun àti dúdú sí láti òkè. Bí wọ́n bá ṣí ìsàlẹ̀ rẹ̀, bọ́ọ̀lù kan á bọ́ sílẹ̀. Bó bá funfun, gbogbo ẹni tí àwo rẹ̀ wà ní ìlà àkọ́kọ́ wọlé ìdájọ́. Bó bá dúdú, gbogbo wọn kọrí sílé. Wọ́n á tún ṣí i fún ìlà kejì, títí ènìyàn yóò fi pé. Ẹ rò ó wò: ta lẹ fẹ́ fún ní rìbá ní alẹ́ àná, nígbà tí ẹni tí yóò dájọ́ lónìí kò tíì mọ̀ pé òun ni? Àfọ́kù òkúta náà ṣì wà ní ilé àkójọ nǹkan àtijọ́ ní Áténì, ẹni tó bá dé ibẹ̀ á rí i.

N kò sọ pé èèyàn dáradára ni gbogbo wọn. Ilé ẹjọ́ yìí kan náà ló dá ẹjọ́ ikú fún Socrates, amòye ìlú náà, ní ọdún 399 ṣáájú ìbí Kristi. Màgòmágó sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Áténì ní ìdìbò kan tí wọ́n fi ń lé ènìyàn jáde: bí ẹ̀rù ẹnìkan bá ń ba ìlú, kálukú á fín orúkọ ẹni tó fẹ́ kí wọ́n lé sára àpáàdì. Bí àpáàdì bá pé 6,000, ẹni tí orúkọ rẹ̀ pọ̀ jù níbẹ̀ á kúrò nílùú fún ọdún 10, wọn kò sì ní fọwọ́ kan dúkìá rẹ̀. Àwọn awalẹ̀pìtàn rí àpáàdì 190 nínú kànga kan tí orúkọ Themistocles, olóṣèlú kan níbẹ̀, wà lára wọn. Nígbà tí wọ́n wo ọwọ́ ìkọ̀wé, ènìyàn 14 péré ló fín gbogbo rẹ̀. Àwọn kan ti jókòó pèsè rẹ̀ sílẹ̀ láti pín in fún olùdìbò.

Ìlú Venice ní Ítálì náà mọ iyì gègé. Láti 1268 títí ìjọba wọn fi wó ní 1797, báyìí ni wọ́n ṣe ń yan olórí: gègé á mú 30 nínú ìgbìmọ̀ ńlá, gègé á dín wọn kù sí 9, àwọn 9 yìí á yan 40, gègé á dín 40 kù sí 12, àwọn 12 á yan 25, gègé á dín wọn kù sí 9, àwọn 9 á yan 45, gègé á dín wọn kù sí 11, àwọn 11 á wá yan 41, àwọn 41 yìí ló ń yan olórí. Ọmọdékùnrin kan ni wọ́n ń ní kó mú bọ́ọ̀lù gègé jáde. Ohun tí wọ́n ń sá fún ni pé kí ìdílé kan ra ìdìbò. Wọ́n ń pe bọ́ọ̀lù kékeré yẹn ní ballotta, orúkọ rẹ̀ yìí ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì sì sọ di orúkọ ìwé ìdìbò títí dòní. Ẹ ò rí i pé èdè tiwọn náà rìn lójú ọ̀nà tí ìbò tiwa rìn.

Báwo ni yíyàn ṣe wá gba ipò gègé? Àwọn tó kọ ìwé òfin Amẹ́ríkà ní 1787 kò fẹ́ irú ti Áténì. James Madison, tó wà lára àwọn olórí wọn, kọ ọ́ sílẹ̀ kedere pé ohun tí àwọn ń dá sílẹ̀ yàtọ̀ sí ìjọba tí gbogbo ará ìlú ti ń péjọ fúnra wọn. Ìjọba aṣojú ni. Ìrètí wọn ni pé yíyàn á gbé àwọn ọlọ́gbọ́n sókè. Lẹ́yìn èyí ni ìdìbò wá ń gbòòrò díẹ̀díẹ̀, tí ayé sì gbàgbé gègé, tí a wá rò pé ìdìbò ni gbogbo rẹ̀.

Kí ìdìbò wà nìkan kò sì tó. Jámánì Ìlà-Oòrùn, tó wà láti 1949 sí 1990, ní dẹmókírásì nínú orúkọ rẹ̀, ìdìbò sì ń wáyé níbẹ̀ déédéé. Orúkọ àwọn tí ìjọba ti yàn ló wà lórí ìwé. Olùdìbò á gbà á, á ká a, á sọ ọ́ sínú àpótí, ó parí. Àwọn tó gbé ibẹ̀ ń pè é ní lílọ ká ìwé. Wọ́n á sì kéde pé iye tó fara mọ́ ìjọba lé ní 98 nínú ọgọ́rùn-ún.

Bí a bá wá dé àwọn orílẹ̀-èdè tí ìdìbò ti jẹ́ òótọ́, ibẹ̀ ni ọ̀nà ti pín yẹ́lẹyẹ̀lẹ. Ní Gáḿbíà, láti àwọn ọdún 1960, ọta gíláàsì róbótó bí èyí tí àwọn ọmọdé fi ń ṣeré ni wọ́n fi ń dìbò. Olùdíje kọ̀ọ̀kan ní dírọ́ọ̀mù tirẹ̀, tí wọ́n kun ní àwọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀, tí wọ́n lẹ àwòrán rẹ̀ mọ́. Olùdìbò á ju ọta rẹ̀ sí ojú ihò tó wà lókè, ọta á sì lu agogo inú rẹ̀, gbì-ín! Bí agogo bá dún lẹ́ẹ̀mejì, gbogbo ẹni tó wà níta ti mọ̀ pé ẹnìkan ju méjì. Ẹni tí kò mọ̀wé kà kò ní láti bi ẹnikẹ́ni pé èwo ni èwo. Íńdíà náà ní irú ìṣòro yìí nígbà ìdìbò àkọ́kọ́ wọn ní 1951 sí 1952. Olùdìbò lé ní mílíọ̀nù 170, ọ̀pọ̀ jù nínú wọn kò mọ̀wé, torí náà wọ́n fún olùdíje kọ̀ọ̀kan ní àpótí tirẹ̀ tí àmì ẹgbẹ́ rẹ̀ wà lára rẹ̀.

Kíkà rẹ̀ ni ọ̀ràn mìíràn. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹkùn ìdìbò kọ̀ọ̀kan ń mú ẹnìkan ṣoṣo, ẹni tó bá ṣíwájú ló wọlé, kódà bí àwọn tí kò fẹ́ ẹ bá pọ̀ ju àwọn tó fẹ́ ẹ lọ. Bí ẹgbẹ́ Labour ṣe gba àga tó lé ní 400 nínú 650 ní 2024 nìyẹn, nígbà tí ìbò wọn kò ju nǹkan bí 34 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Ní Austrálíà, olùdìbò ń fi nọ́ńbà to àwọn olùdíje tẹ̀ léra. Ẹni tó bá gbẹ̀yìn á bọ́ sílẹ̀, ìbò rẹ̀ á sì lọ sọ́dọ̀ ẹni tí olùdìbò fi ṣe ìkejì. Òfin ilẹ̀ náà sì ti mú ìdìbò ní dandan láti 1924. New Zealand lo ọ̀nà ti Gẹ̀ẹ́sì fún ìgbà pípẹ́, ará ìlú dìbò pa á tì ní 1993, láti 1996 sì ni àga ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ti ń bá iye ìbò rẹ̀ dọ́gba níbẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, ìbò ará ìlú kọ́ ló ń wọlé tààrà. Àwọn aṣojú 538 láti ìpínlẹ̀ gbogbo ló ń yan ààrẹ, ẹni tó bá kó 270 ló borí. Ìdí nìyí tí Hillary Clinton fi fi nǹkan bí mílíọ̀nù 3 ìbò ju Donald Trump lọ ní 2016, tí Trump sì wọlé.

Mo mọ̀ pé àwọn kan á sọ pé èyí kì í ṣe àwa-ara-wa mọ́. Lójú tèmi, ó yẹ kí àwọn ọmọ ilẹ̀ náà máa bi ara wọn ní ìbéèrè yẹn, ṣùgbọ́n kí á rántí pé ìpínlẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ kà sí "àwa" nígbà tí wọ́n ń dá ìjọba náà sílẹ̀. Ìpínlẹ̀ kékeré àti ńlá ní sẹ́nétọ̀ méjì-méjì títí dòní nítorí èyí.

Ní ti ẹni tó ń yan olórí, oríṣi méjì ló gbajúmọ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Íńdíà, Jámánì àti Gúúsù Áfíríkà, àwọn aṣòfin ló ń gbé olórí ìjọba dìde, àwọn náà ló sì lè yọ ọ́. Ní Amẹ́ríkà, ìjókòó ààrẹ dá dúró. Bí àwọn aṣòfin bá kórìíra rẹ̀ títí, wọn kò lè lé e nítorí pé wọn kò fẹ́ràn rẹ̀, àyàfi tó bá jẹ̀bi ẹ̀ṣẹ̀ ńlá. Faransé da méjèèjì pọ̀ láti 1958: ààrẹ wà, olóòtú ìjọba wà, ìgbà mìíràn sì wà tí ẹgbẹ́ tó takò ààrẹ ló ń mú olóòtú.

Ti Jámánì yẹ kí a dúró wò díẹ̀, torí ọgbẹ́ ló kọ́ wọn lẹ́kọ̀ọ́. Láàárín ogun àgbáyé méjèèjì, àwọn ẹgbẹ́ tó kórìíra ara wọn nílé aṣòfin wọn máa ń parapọ̀ láti wó ìjọba, wọn kì í sì í lè parapọ̀ gbé òmíràn ró. Inú rúkèrúdò yẹn ni Hitler ti rí ọ̀nà wọlé. Nígbà tí wọ́n kọ òfin tuntun ní 1949, wọ́n fi gbólóhùn kan sí i: kò sí ẹni tó lè yọ olórí ìjọba àfi kí wọ́n ti fohùn ṣọ̀kan lórí ẹni tí yóò rọ́pò rẹ̀ nínú ìbò kan náà. Ìgbà kan ṣoṣo ni ó ti ṣiṣẹ́ yọ olórí ìjọba gbogbo ilẹ̀ náà, ní oṣù kẹwàá 1982, nígbà tí Helmut Kohl gba ipò Helmut Schmidt.

Swítsàlandì ni mo rò pé ó jìnnà sí gbogbo wọn jù. Àwọn méje ló ń ṣe olórí pọ̀, wọ́n sì ń pín ipò ààrẹ lọ́dọọdún láàárín ara wọn, ipò náà kò sì fún ẹni tó wà nínú rẹ̀ ní agbára ju ti àwọn yòókù lọ. Bí àwọn aṣòfin bá ṣe òfin tí ará ìlú kò fẹ́, ẹni 50,000 lè fọwọ́ sí ìwé láàárín ọjọ́ 100, òfin náà á sì di ohun tí gbogbo ilẹ̀ á dìbò bẹ́ẹ̀ni tàbí bẹ́ẹ̀kọ́ lé lórí.

Ó ku "àwa", òun ló sì wúwo jù lọ́kàn mi. Nínú èdè wa, "àwa" lè kó ẹni tí à ń bá sọ̀rọ̀ mọ́ra, ó sì lè tì í síta. Bí mo bá ní "àwa ń lọ", ẹ lè wà nínú rẹ̀, ó sì lè jẹ́ pé ẹ̀yin ni à ń fi sílẹ̀. Ohùn kan náà ni, ètè kò yà sọ́tọ̀. Ìtàn ìjọba yìí sì jẹ́ ìtàn àwọn tí wọ́n wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn ọ̀rọ̀ yìí. Ní Áténì tí mo ń yìn lẹ́ẹ̀kan, obìnrin kò sí nínú "àwa", ẹrú kò sí níbẹ̀, àjèjì tó ti ń gbé ìlú láti ìran baba rẹ̀ kò sí níbẹ̀. Láti 451 ṣáájú ìbí Kristi, bàbá àti ìyá ènìyàn ní láti jẹ́ ọmọ Áténì kí ó tó lè wọ̀ ọ́. Ní Venice, àwọn ìdílé ọlọ́lá nìkan ni. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì títí di 1832, òkè kan tí kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí olùgbé mọ́, Old Sarum, ń rán aṣòfin méjì lọ sílé ìgbìmọ̀ aṣòfin, Manchester tó kún fún ènìyàn kò sì ní ẹyọ kan. Ní Amẹ́ríkà, òfin 1870 ní àwọ̀ ara kò gbọdọ̀ dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ ìdìbò, ó sì di 1965 kí òfin mìíràn tó fọ́ ọgbọ́n àrékérekè tí wọ́n fi ń dí àwọn aláwọ̀dúdú lọ́nà ní Gúúsù. Ní Gúúsù Áfíríkà, oṣù kẹrin 1994 ni "àwa" tó kan gbogbo ènìyàn.

Apá kejì orúkọ náà, "ara-wa", ni ẹ má ṣe fojú fò. "Ara wa" ni èmi sí ìwọ, ìwọ sí èmi. Áténì gbà á pé ẹni tó jẹ́ ará ìlú ni ẹni tó ń pàṣẹ, tó tún ń gba àṣẹ, ní yípo-yípo. Níbi tí ẹnìkan ti ń pàṣẹ títí tí ẹlòmíràn ń gbọ́ títí, orúkọ náà kò bá a mu mọ́, ìbáà jẹ́ pé wọ́n dìbò.

Gègé náà kò kú tán. Ní Írẹ́láńdì ní 2016, wọ́n fi gègé kó ará ìlú 99 jọ, pẹ̀lú alága kan, láti gbọ́ tọ̀tún-tòsì lórí ọ̀rọ̀ oyún ṣíṣẹ́, tí àwọn aṣòfin ti ń yẹra fún. Ohun tí wọ́n dámọ̀ràn ni gbogbo orílẹ̀-èdè dìbò lé lórí ní 2018, wọ́n sì yí ìwé òfin padà.

Nípa obìnrin, New Zealand ló kọ́kọ́ ṣílẹ̀kùn ìdìbò fún wọn ní 1893, Faransé dúró títí di 1944, Swítsàlandì títí di 1971. Nínú Swítsàlandì yẹn náà, ìpínlẹ̀ kékeré kan, Appenzell Innerrhoden, kọ̀ jálẹ̀. Ní ọjọ́ Àìkú tó gbẹ̀yìn oṣù kẹrin ni wọ́n ń péjọ ní gbangba, tí wọ́n ń nawọ́ sókè láti dìbò, idà tí ọkùnrin gbà lọ́wọ́ bàbá rẹ̀ sì ni ẹ̀rí pé ó ní ẹ̀tọ́ láti wọ agbo. Ọkùnrin wọ̀nyí dìbò léraléra pé kí obìnrin má wọlé, títí ilé ẹjọ́ gíga ilẹ̀ náà fi pàṣẹ ní oṣù kọkànlá 1990. Ní oṣù kẹrin 1991, àwọn obìnrin wọ agbo yẹn fún ìgbà àkọ́kọ́. Wọn kò ní idà. Káàdì ìdìbò ni wọ́n mú lọ́wọ́, nígbà tí wọ́n sì ní kí ẹni tó bá fara mọ́ ọ̀rọ̀ nawọ́, wọ́n nawọ́ sókè láàárín àwọn ọkùnrin.